Ọmọ-Ọmọ Oníwàrà Tí Kì í Mu Wàrà

Sí ọmọ mi àtàtà, awakọ̀ ojú irin lọ́la,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú àárò ọmọ, èyí tó wúwo jù nínú wọn. Ṣé ara le? Ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń kọ́ ọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, àbí wọ́n ṣì ní kí o máa wò ó lókèèrè? Ọkọ rẹ tó wà lójú òkun ńkọ́, ṣé ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀? Àdúrà wa ni pé Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni orí irin àti ẹni orí omi kò ní tòògbé lórí yín. Bí o bá bi wá léèrè, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sinmi, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Àwọn màlúù náà wà ní àlàáfíà, èyí tó ya aláìgbọràn nínú wọn tún ti jẹ aṣọ tí aránṣọ ilé kejì sá sórí okùn, a sì ti bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó mú mi gbé gègé lónìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Rárá báyìí. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ìyá rẹ tó pè ọ́, torí pé láti ìrù ni ìyá rẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

O rántí pé nígbà tí o mú un wá, o ní kò fẹ́ràn wàrà, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní wàrà inú páálí tí ẹ̀ ń mu nílùú ńlá nìyẹn, wàrà tí kò mọ màlúù tó ti wá. Mo ní kí o jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ èmi, èmi tí mo ti ń fún wàrà láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, tí àwọn èèyàn máa ń gbé korobá tò síwájú ilé mi kí oòrùn tó mú. Ọmọ-ọmọ oníwàrà á ha sọ pé òun kì í mu wàrà? Ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ máa ń sá fún iná ni?

Ọjọ́ kejì tí o padà lọ, mo fún wàrà tútù yọ̀yọ̀, ìyá rẹ sè é, mo bù ú sínú ife tó mọ́ jù nílé, mo sì gbé e fún ọmọ náà níwájú gbogbo oníbàárà, kí wọ́n lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mọ ẹ̀jẹ̀. Ó wo inú ife, ó wò mí lójú, ó ní rárá. Mo ní kó tọ́ ọ wò. Ó ní rárá. Ìyá rẹ ní kó kàn fi ètè kàn án. Imú ló fi kàn án, ló bá sọ ọ́ sókè, ketekete bí agogo ilé ìwé, pé wàrà bàbá àgbà ń rùn. Ọmọ mi, ilẹ̀ kò lanu kí n kó sí i. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ti ń ra wàrà lọ́wọ́ mi látọdúnmọ́dún ṣí ìdérí korobá rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbóòórùn kó tó sanwó. Bíríkìlà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní bóyá ọmọ náà mọ ohun tí àgbà kò mọ̀. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú. Ṣùgbọ́n nínú ìbínú yẹn náà ni mo ti ń wò ó pé, ẹ wo ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju korobá lọ, tó dúró láàárín àgbà, tó sọ tẹnu ẹ̀, tí kò wolẹ̀, tí kò sì sunkún. Mo ní ẹni tó bí eléyìí, bó bá wa ọkọ̀ ojú irin, kò yà mí lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi wàrà se ìrẹsì, ó gbóòórùn ìrẹsì, ó ní rárá. Mo bu ṣúgà sí wàrà títí ṣíbí fi fẹ́ dúró lórí ara rẹ̀ nínú ife, ó lá ṣúgà tó wà létí ife, ó dá ìyókù padà fún mi. Mo rẹ búrẹ́dì sínú wàrà, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, mo ní kó la ẹnu kó di ojú. Ó la ẹnu, ó di ojú, ó gbé e sẹ́nu, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí fìlà mi, fìlà tí mo fi ń lọ sí ìpàdé. Bẹ́ẹ̀, níbi tí mo ti ń lé e kiri pẹ̀lú ife, oúnjẹ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú lára. Bí mo bá ti gbé àwo kalẹ̀, á kọ́kọ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni tó ń ra ẹrù lọ́jà. Ṣòkòtò tí o rà fún un wá ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a gbé e lọ wọn ní ọsibítù kékeré, nọ́ọ̀sì fa ilà kan sínú káàdì rẹ̀, ilà náà sì sùn gbalaja bí ajá tó yó.

Ìgbà yẹn ni mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí fóònù, tí o ní bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá gòkè lóṣù tó ń bọ̀, wàá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wàá wá mú ọmọ rẹ. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ti sọ fún gbogbo ìlà ilé wa pé ọmọ mi obìnrin ni yóò máa wa ọkọ̀ tó gùn ju òpópónà wa lọ. Mo tiẹ̀ ti sọ fún àwọn màlúù. Kí wàrà wá lé ọmọ oníwàrà kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, o kọ ọ́ pé ọmọ náà nílò Kásíọ́mù, ó nílò Áyọ́ọ̀nù, ó nílò Fítámì Dí, kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó rí wọn. Àánú rẹ̀ ṣe èmi àti ìyá rẹ. A kò mọ̀ pé ó fi ọ̀rẹ́ tó pọ̀ tó báyìí sílẹ̀ nílùú ńlá. Ìyá rẹ ní kò burú, àárò ni kò jẹ́ kó jẹun. Mo pe ọmọ náà sítòsí, mo rọra bi í bóyá àárò Kásíọ́mù ń sọ ọ́. Ó ní rárá. Mo ní Fítámì ńkọ́? Ó ní rárá. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ń fi ìbànújẹ́ pamọ́ ni, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe. Ni mo bá lọ bá olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ní ṣé kò ní Kásíọ́mù kankan ní kíláàsì rẹ̀ tó lè máa wá bá ọmọ wa ṣeré nírọ̀lẹ́. Ó wò mí títí, ó ní òun máa wádìí.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló wá kàn báyìí. Nọ́ńbà dókítà àwọn ọmọdé tí o fi ránṣẹ́, aránṣọ bá mi fi í sínú fóònù, ó kọ Dókítà sí i. Ó fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí, kí n sọ̀rọ̀ sí i, kí ọ̀rọ̀ náà fò lọ bá a. Mo wẹ ojú, mo dé fìlà, torí pé ọ̀rọ̀ dókítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ Dókítà sí, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, kékeré tó wà lọ́dọ̀ mi yìí ló kọ wàrà, bí mo bá gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀, á gbé orí sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, ara rẹ̀ sì ń joro, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i.

Dókítà kò fi àkókò ṣòfò. Ó dáhùn pé kí n la ẹnu rẹ̀, kí n yẹ eyín àti ahọ́n rẹ̀ wò, kí n mú un rìn yípo àgbàlá kí n wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, kí n fún un níyọ̀ lá díẹ̀, kí n sì rí i pé koríko gbígbẹ ló ń sùn lé, torí òtútù ilẹ̀. Mo ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti tẹ̀ síwájú o! A yẹ eyín rẹ̀ wò, ó pé, ó funfun. Mo mú un rìn yípo àgbàlá, ó gba ibẹ̀ dé ìdí adìyẹ, kò fẹ́ padà mọ́. Iyọ̀ tí mo fi ìka kàn fún un, ó lá a, ó ní kí n tún fi kàn. Nígbà tí mo ń kó koríko gbígbẹ bọ̀ sínú yàrá ni ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n kó o padà síbi tí mo ti rí i kí òun tó fi orúnkún tó ń dun òun gbá mi.

Kò pẹ́ ni ohùn mìíràn tún wọlé. Dókítà ní òun gbàgbé láti béèrè, ṣé ìwo rẹ̀ ti ń yọ? Ó ní bí kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí n má tún náwó lé e lórí mọ́, kí n ké sí alápatà.

Ọmọ mi, fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ pariwo. Alápatà kẹ̀? Fún ọmọ-ọmọ mi? Mo fa ọ̀pá tí mo fi ń da ẹran yọ, mo gbé ọmọ náà sí èjìká, mo kọrí sí ọsibítù, ìyá rẹ ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé wọ́n ní kí àwọn pa ọmọ. Ká tó dé ẹnu géètì, èrò ti ń tẹ̀ lé wa. Mo ní níbo ni wọ́n kó àwọn dókítà pamọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì jáde sí wa, obìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, tí kì í kanra. Ó ní kí bàbá jókòó, kí bàbá mu omi, kí bàbá fún òun ní fóònù. Ó gbé e sétí, ó tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìwo, ó fi ọwọ́ di tábìlì mú. Nígbà tó dé ibi alápatà, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá fi hàn mí pé Dókítà méjì ló wà nínú fóònù mi, ọ̀kan ti ọmọ, ọ̀kan ti màlúù, èyí tó máa ń wá gún àwọn ẹran wa lábẹ́rẹ́, òun ni mo sì bá sọ̀rọ̀. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, ṣebí dókítà ni dókítà ń jẹ́. Àwọn èrò tó tẹ̀ lé wa wá rẹ́rìn-ín lọ sílé, ṣùgbọ́n mi ò tijú o. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni, ṣé mi ò ti gba ọmọ sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì gbé Ìyá Rárá lé itan, ó wo ojú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. Ó ní Kásíọ́mù kì í ṣe èèyàn. Ohun tó ń mú egungun le ni. Òótọ́ ni pé ó wà nínú wàrà, ṣùgbọ́n ó tún wà nínú ẹja wẹ́wẹ́ téèyàn bá jẹ ẹ́ tòun ti egungun, ó wà nínú àwọn ẹ̀fọ́ kan àti ẹ̀wà. Áyọ́ọ̀nù ló ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, ó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀wà, bó bá sì jẹ ọsàn tẹ̀ lé ẹ̀wà náà, ara á túbọ̀ rí i lò. Fítámì Dí ní tirẹ̀, oòrùn ló pọ̀ jù nínú ibi tó ti ń wá, kí ọmọ máa ṣeré níta, kó sì máa jẹ ẹyin. Ó ní wàrà dára, òun kò ní kí n má tà á, àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni lílé tí à ń lé ọmọ kiri àti ẹ̀tàn tí à ń tan án. Ó ní kí a gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí gbogbo ilé jọ jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀pà náà dára, àmọ́ kí a lọ̀ ọ́ kúnná kó má baà há a lọ́fun.

Ó wá yíjú sí mi, ó ní bàbá oníwàrà, ṣé ẹ̀yin fúnra yín máa ń mu wàrà? Mi ò tíì la ẹnu tí ìyá rẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó jọ pé ó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní ta ni, bàbá yìí? Ó ní kò tíì sí ọjọ́ tí òun rí i kó gbé ife wàrà kan mì, ó ní èmi ni mo máa ń sọ pé òórùn rẹ̀ ń rú mi nínú. Ó ní ìwọ náà tí o bí Ìyá Rárá, abẹ́ tábìlì lo ti máa ń da tìrẹ fún ajá, ìdí nìyẹn tí ajá yẹn fi sanra tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní á jẹ́ pé ohun tí ìdílé wa kì í mu ni ìdílé wa ń tà. Mo ní kí ló burú níbẹ̀, ṣé gbogbo aṣọ tí aránṣọ bá rán ló máa ń wọ̀ ni? Ṣùgbọ́n inú mi dùn, mi ò lè fi bò fún ọ. Mo ti rò pé ọmọ náà kọ̀ mí ni. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ló jọ.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ọsàn nìkan ló jẹ, mo sì fi ọwọ́ sáàárín orúnkún, mo ń wo àjà ilé, torí wọ́n ní kí n má bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, ó nira ju kí èèyàn dá abo màlúù tó ń sá padà lọ. Àárọ̀ kejì, ìyá rẹ ń gún ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ nínú odó kékeré, Ìyá Rárá dúró, ó ń wò ó, ó ní òun fẹ́ gún un. Ìyá rẹ gbé ọmọrí odó fún un. Ó gún un, ó gún un, ó dà á sílẹ̀, ó dà á sára, ológbò ilé aránṣọ wọlé wá kí wa. Nígbà tó kúnná, òun fúnra rẹ̀ ló bù ú sórí ẹ̀wà, ó rò ó pọ̀, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti oko rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Àwa méjèèjì ń wò ó. Ó gbójú sókè, ó ní kí ló dé tí a fi ń wo òun.

Láti ìgbà náà, òun ni ọ̀gá ilé ìdáná. Ẹyin, òun ló ń lọ kó o lábẹ́ adìyẹ, kò sì sí ẹyin tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kó tí kì í jẹ. Ẹ̀fọ́ nìkan ló fa wàhálà díẹ̀, torí ó wo àwo mi, kò rí ẹ̀fọ́ níbẹ̀. O mọ̀ pé mo máa ń sọ pé ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé. Ó bu ṣíbí kan, ó nà án sí mi, ó ní bàbá àgbà, ẹ la ẹnu. Èmi náà ní rárá. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀, ó ní bí mi ò bá jẹ ẹ́, òun náà ò ní jẹ ẹ́. Mo ronú kan ọkọ̀ ojú irin rẹ, mo di ojú, mo gbé e mì. Ó bu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ṣíbí fún mi, ṣíbí fún un. Inú mi tó máa ń le tẹ́lẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n o ṣeun tí o bí i.

A gbé e lọ wọn lọ́sẹ̀ yìí. Èrò kún ìjókòó, ìdajì wọn ló ń ra wàrà lọ́wọ́ mi. Ìyá Rárá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, òun fúnra rẹ̀ ló gun orí ìwọ̀n, ó na ọrùn bíi ṣójà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wò, ó fa ilà náà. Ọmọ mi, ilà yẹn dìde! Ó gbéra nílẹ̀ níbi tó sùn sí, ó ń gun òkè lọ bí ọ̀nà oko. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fà á gùn díẹ̀ sí i nígbà tí gègé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, oúnjẹ ni yóò fà á.

Ìyàwó kékeré kan tó gbé ọmọ jókòó wá sọ pé kò yà òun lẹ́nu, ọmọ-ọmọ oníwàrà ni, wàrà ti pọ̀ jù nílé wọn. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo lè dákẹ́. Oníṣòwò ni mí, dídákẹ́ ì bá sì mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n mo wo ilà tó ń gòkè, mo wo ọmọ tó gùn ún, mo sì dìde dúró. Mo ní ẹ gbọ́ o, ọmọ yìí kò gbé ìkán wàrà mi kan mì rí. Ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ gún, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti oòrùn ló gbé e dé bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sá fún wàrà mi o, ọmọ tó bá fẹ́ ẹ, kó mu ún, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní rárá, ẹ má pa á, ẹ wá bá ìyàwó mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń gbé ọmọ wá bá ìyá rẹ, ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣàlàyé Kásíọ́mù fún wọn bí ẹni pé òun ló bí i. Wàrà tèmi náà ń tà bó ṣe ń tà tẹ́lẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì kò sì gbóòórùn korobá mọ́.

Nítorí náà, dúró sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ. Má wá mú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí o bá parí, kí o wá fi ojú ara rẹ wo ẹni tí o bí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Adìyẹ wa kò tó fún ọmọ rẹ mọ́, jọ̀wọ́ fi nǹkan ránṣẹ́ kí a fi ra sí i, kí ìyá rẹ náà rí òróró orúnkún rà. Ṣùgbọ́n má gba báńkì o. Báńkì kọ̀wé sí mi lórí fóònù, wọ́n pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n, wọ́n ní kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni láéláé. Mo kọ̀wé padà pé ẹ̀yin náà ẹ má sọ tiyín fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run yóò bo àṣírí gbogbo wa. Nígbà tí mo wá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri, ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bi mí ni nọ́ńbà àṣírí! Mo ní wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nípa tìrẹ. Mi ò sọ. Mo padà sílé. Fi owó náà rán ẹni tó bá ń bọ̀. Bí o bá sì tún fi fóònù tó ń fi ojú hàn pè wá, jẹ́ kí n rí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ pẹ̀lú, orí nìkan ni mo rí nígbà yẹn, ọkàn mi kò balẹ̀.

Irin tí o bá ń gùn kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Àwọn tí o bá gbé kò ní ṣàárẹ̀ lọ́nà, wọn ó dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ó sì bá ilé láyọ̀. Ọkọ rẹ yóò gúnlẹ̀ láìfarapa. O ò ní fi ọwọ́ òsì gba iṣẹ́, o ò ní fi omijé gba ọmọ rẹ, bí a ṣe ń yangàn rẹ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni wàá yangàn tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí ti gùn. Oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀, ọmọ rẹ ti pè mí, ó tún ti pè mí. Ó ní bí mi ò bá dìde wá báyìí, òun á jẹ tèmi mọ́ tòun. Mo ti ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ̀ nínú àwo mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé lọ, tí mi ò tíì fẹ́ dìde.

Èmi ni bàbá rẹ.